Ganiyatou Bàdírù, Ẹni Tó Wádìí Ìdí Tí Májèlé Kò Fi Pa Ewé

Ìlú Manigri ni a ti bí i, ilẹ̀ Manigri náà ni a sì sin ín sí. Àwa ẹbí Bàdírù, agbo ilé Ìdí-Igbá, ń kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Àlájà Dókítà Ganiyatou Bàdírù, ọmọ wa, aya, ìyá àti olùkọ́. Ẹ̀yin ará Bassila, ẹ̀yin tí ẹ ti Alédjo àti Doguè wá, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ti Cotonou rin ọ̀nà jíjìn, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi irú èyí san án fún yín. Èmi Wassiou, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni ẹbí yàn láti kọ ìtàn yìí. Kò rọrùn fún ẹ̀gbọ́n láti jókòó kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa àbúrò, àmọ́ ojú mi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà.

Ọdún 1964 ni wọ́n bí Ganiyatou, ní àkókò tí iṣu tuntun ń wọlé láti oko. Bàbá wa, olóògbé Bàdírù, jẹ́ àgbẹ̀ iṣu àti ọkà bàbà. Nígbà tó yá ni wọ́n tó gbin kajú. Ìyá wa, olóògbé Oumou, ń ṣe gàrí, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ìbéèrè ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ìyá wa rẹ gbágùúdá sínú omi, ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Ìyá, nígbà tí gbágùúdá kò bá korò mọ́, níbo ni ìkorò rẹ̀ lọ?”

Ìyá wa dáhùn pé, “Ó bá omi lọ.”

“Ṣé omi náà wá ń korò?”

Kí ìyá wa tó yíjú padà, ó ti bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ tọ́ ọ wò. Ìyá wa gbá ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn kò mọ ìdáhùn ìbéèrè ọmọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹran kan tó mu irú omi yẹn rí kò yè é.

Ọdún 1971 ni ó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Manigri. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí bàbá wa fi ọmọbìnrin sílẹ̀ kó máa ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí gàrí. Bàbá wa ní tí ó bá wà nílé, kò sẹ́ni tí yóò rí iṣẹ́ ṣe nítorí ìbéèrè rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ fi yọ olùkọ́ lẹ́nu.

Ní ọdún 1974, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa tí àwọn àgbà Manigri kò tíì gbàgbé. Fúlàní darandaran kan wà nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oumarou. Ẹ̀yìn ìlú ni àgọ́ rẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ bàbá wa ni. Bàbá wa tiẹ̀ kó màlúù díẹ̀ fún un pé kó máa bá àwọn dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibí ṣe máa ń ṣe. Tí ìyàwó Oumarou bá fún wàrà, tiwa ń wá. Tí bàbá wa bá wa iṣu, tiwọn ń lọ.

Lọ́dún náà, òjò tètè bẹ̀rẹ̀, ó sì dá. Ọkà bàbà tí bàbá wa gbìn rọ, tata jẹ èyí tó kù dé ìdí. Nígbà tí òjò padà, ìdí ọkà náà rú ewé tuntun, ewé tútù tó ń dán. Àwọn màlúù Oumarou já wọ inú oko náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kò pẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò fi ranlẹ̀ mọ́. Mímí ń há wọn, itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin kú síbẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ti bàbá wa fúnra wọn.

Oumarou dúró láàárín òkú ẹran, ó ní, “Bàdírù, kí lo fi sínú oko yìí?”

“Ọkà ni mo gbìn síbẹ̀, Oumarou. Ìwọ náà ń wò ó.”

“Ọkà kì í pa màlúù.”

Bàbá wa fúnra wọn kò tíì rí ibi tí ọkà ti pa màlúù rí. Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan. Àwọn kan ní àgbẹ̀ tí ẹran ń yọ lẹ́nu ló wọ́n májèlé sí oko. Nígbà tí wọ́n rán wọn létí pé ẹran Bàdírù náà kú, wọ́n ní ó fi méjì tirẹ̀ bo ojú ìlú ni.

Ganiyatou, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbọ́ gbogbo èyí. Ó fẹ́ fi hàn pé oko bàbá òun kò ní májèlé. Ó lọ já ewé ọkà náà ní ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó kó o fún ewúrẹ́ ìyá wa, ó sì jókòó tì í. Ewúrẹ́ náà jẹ ẹ́ tán, ó gbọn, ó sì kú lójú rẹ̀. Aládùúgbò kan tó ń kọjá lọ rí i. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Manigri ti gbọ́ pé májèlé ṣì wà nínú oko Bàdírù, ọmọ rẹ̀ gan-an ló fi ewúrẹ́ dán an wò.

Ìyá wa kò lù ú. Ó máa ń wí fún wa nígbà tó dàgbà pé ó sàn kí wọ́n lù ú. Bàbá wa lọ búra pẹ̀lú Àlùkùránì níwájú lèmọ́mù. Oumarou ní òun gbọ́ ìbúra náà, kò sì ní òun gbà á tàbí òun kò gbà á. Ó kó agbo ẹran rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, wọ́n sì ṣí lọ sí ọ̀nà Doguè. Bàbá wa dáná sun oko náà. Títí wọ́n fi kú, wọn kò gbin ọkà bàbà mọ́.

Nígbà tí Ganiyatou wọ ilé-ìwé kọlẹ́ẹ̀jì ní Bassila ní ọdún 1977, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa, Àǹtí Nimatou, ni ó gbé. Aláró ni Àǹtí Nimatou. Nínú ilé náà ni ó ti gbọ́ èdè Anii yó, tó fi di pé ó lè bá ará Bassila ṣe àwàdà kí wọ́n má mọ̀ pé ọmọ Manigri ni. Ó ṣe ìdánwò bakaloréà ní Djougou, ó yege, ó sì wọ yunifásítì ní Abomey-Calavi ní ọdún 1984 láti kọ́ ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí.

Ọdún 1986 ni olùkọ́ kan ń kọ́ wọn nípa ewéko tó ní májèlé nínú. Láàárín ọ̀rọ̀, ó ní ewé tuntun ọkà bàbà lè pa màlúù, pàápàá èyí tó rú lẹ́yìn ọ̀dá. Ganiyatou nawọ́, ó bẹ olùkọ́ náà kó tún un sọ. Olùkọ́ tún un sọ. Ó ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ó wọ mọ́tò wá sí Manigri, ó mú ìgò kékeré àti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè dání láti lábò, yàrá àyẹ̀wò wọn.

Bàbá wa, lèmọ́mù, Ganiyatou àti èmi ni a jọ lọ sí Doguè. Oumarou ti darúgbó díẹ̀. Ó kí wa gẹ́gẹ́ bí ẹni ń kí àlejò, kì í ṣe bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́. Ganiyatou kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n já ewé ọkà lẹ́yìn ilé yín.”

Ìyàwó Oumarou ní ọkà díẹ̀ lẹ́yìn àgọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ganiyatou já nínú rẹ̀, ó gún un, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó so bébà ìyeyè náà rọ̀ sínú rẹ̀, ó sì dé e. Ó fi ọkà gbígbẹ láti inú àká wọn ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ nínú ìgò kejì. Ó ṣàlàyé pé tí májèlé bá jáde, bébà yóò pọ́n. A jókòó. Wọ́n gbé wàrà fún wa, kò sẹ́ni tó mu ún. Nígbà tó yá, bébà inú ìgò ewé tútù bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ó sì pọ́n bí amọ̀ tí a sun. Ti ọkà gbígbẹ kò yí padà.

Oumarou gbé ìgò náà sókè, ó wò ó títí. Ó ní, “Ẹ̀yìn ilé tèmi nìyí. Kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀.”

“Kò sẹ́ni, Bàbá. Inú ewé fúnra rẹ̀ ni ó ti ń wá.”

“Nítorí náà, ọdún méjìlá ni mo fi ń bínú sí ewé.”

Bàbá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé. “Èmi lo ń bínú sí, Oumarou. Kì í ṣe ewé.”

Oumarou gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó ní, “Ìwọ ni. Bàdírù, dárí jì mí.”

Bí a ti ń mu wàrà, tí lèmọ́mù ti ṣe àdúrà tán, Oumarou tún mú ìgò náà, ó kọjú sí Ganiyatou. “Ọmọ mi, ohun kan kò yé mi. Ohun tó pa màlúù ńlá wà nínú ewé kékeré. Kí ló dé tí ewé fúnra rẹ̀ kò kú?”

Ganiyatou ní òun kò mọ̀. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà bí a ti ń padà pé olùkọ́ kò sọ ìyẹn fún wọn, àwọn náà kò sì ronú kàn án. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè yìí ló gbé e dé ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1988, lórí owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti gba oyè dókítà ní ọdún 1994. Ohun tó rí níbẹ̀, ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nílé ní èdè wa, kí ó lè dá a lójú pé ó yé òun náà. Ó ní nínú ewé, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ojú kò lè rí, àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní ánsíìmù. Oníkálukú ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe. Nínú wọn ni èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti mú ṣúgà, kó sì so ó mọ́ nǹkan mìíràn lára. Ó pè é ní asoṣúgà. Bí ọkà bàbà bá ti ń ṣe májèlé náà, kíá ni asoṣúgà so ṣúgà mọ́ ọn, májèlé a dákẹ́, ewé a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ láìfarapa. Ánsíìmù mìíràn wà lọ́tọ̀ tó mọ bí a ti ń tú ṣúgà náà, ṣùgbọ́n yàrá tirẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí màlúù bá rún ewé lẹ́nu ni àwọn méjèèjì pàdé. Ṣúgà tú, májèlé jáde.

Ó ní kì í ṣe ọkà nìkan. Gbágùúdá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Adùn ewé kan tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà nínú tíì, asoṣúgà ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ oògùn tí kò lè yọ́ nínú omi, asoṣúgà lè mú kó yọ́. Ó máa ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀.

Nígbà tó padà dé lọ́dún 1994, ibi àkọ́kọ́ tó lọ lẹ́yìn Manigri ni Doguè, láti lọ dáhùn ìbéèrè Oumarou. Wọ́n sọ fún un pé bàbá náà ti kú ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tó parí, ìyá náà ní, “Ọkọ mi ì bá ti bi ọ́ ní òmíràn.” Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún tí òjò bá dá tó sì tún padà, Ganiyatou máa ń wá sí àárín àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ní Manigri, Doguè àti Alédjo, láti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi màlúù sí orí ewé ọkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, kí àwọn ìyá má sì dín ọjọ́ rírẹ gbágùúdá kù nítorí ebi.

Ní ọdún 1995, ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Al-Amin, ọmọ Anii láti Bassila, olùkọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn. Al-Amin kò gbọ́ Nàgó dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi èdè wa tọrọ ìyàwó. Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra títí, àmọ́ nígbà tó dé iwájú bàbá wa, ohùn rẹ̀ yẹ̀, ó ní òun fẹ́ di ọkọ́ Ganiyatou. Bàbá wa ní, “Ọkọ́ kò burú. Ilẹ̀ ti rọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ ebè lọ́la.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Al-Amin kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, bàbá wa sì ní ẹni tó lè bá ènìyàn rẹ́rìn-ín irú èyí yóò lè bá Ganiyatou gbé. Wọ́n gbé pọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Yunifásítì ní Abomey-Calavi ni olóògbé ti ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 2003, nǹkan kan dé bá wa tó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn aláró fi ń ṣe aró. Nígbà tó yá, ìyẹ̀fun aró tí a ń rà dé, ó yá ju ti ewé lọ, ṣùgbọ́n kì í yọ́ nínú omi lásán. Sóódà líle àti ìyẹ̀fun olóòórùn burúkú mìíràn ni wọ́n fi ń mú kó yọ́. Bí Àǹtí Nimatou ti ń ro ìkòkò rẹ̀ ní Bassila lọ́jọ́ kan, sóódà náà ta sí i lójú. Ojú òsì fọ́.

Ganiyatou ti Cotonou wá. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Àǹtí Nimatou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ganiyatou, ìwọ tó o mọ májèlé inú ewé, èyí tó wà nínú ìkòkò mi ńkọ́?”

Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó já ewé ẹ̀lú lẹ́bàá ọ̀nà. Ó mọ̀ pé nínú ewé yẹn náà, ṣúgà wà lára ohun tó ń di aró. Bí ṣúgà bá wà lára rẹ̀, kò ní àwọ̀, ó sì ń yọ́ nínú omi lásán. Ìgbà tí ṣúgà bá tú tí afẹ́fẹ́ sì kàn án ni ó tó di aró. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: bí a bá jẹ́ kí ṣúgà náà wà lára rẹ̀, tí a fi omi rẹ̀ rin aṣọ, tí a sì wá tú ṣúgà náà lára aṣọ ńkọ́? Aṣọ yóò mu aró, kò sì sí sóódà níbẹ̀ rárá.

Ẹnu dùn ún ròyìn, àmọ́ ọdún púpọ̀ ni ó gbà. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi asoṣúgà sínú kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó ń gbé inú ìgò, kí kòkòrò náà lè máa ṣe ohun tó ń di aró fún wọn, pẹ̀lú ṣúgà lára rẹ̀. Iná máa ń lọ, kòkòrò a kú. Wọ́n a tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2011, ó ní ó ti yá. Ó pe àwọn aláró Bassila jọ sí àgbàlá Àǹtí Nimatou. Ó rẹ aṣọ funfun sínú omi tó mọ́ gaara, àwọn obìnrin náà ń wò ó bí ẹni ń wo idán. Ó fi ánsíìmù atúṣúgà lé e, ó sá a sí afẹ́fẹ́. Gbogbo wa dúró de aró. Àwọ̀ tó yọ kì í ṣe ti aró. Ó rí wúruwùru, ó jọ aṣọ tí wọ́n fi nu ìdí ìkòkò. Àwọn obìnrin náà kò fẹ́ kàn án lábùkù, wọ́n ń wo ilẹ̀. Àǹtí Nimatou mú aṣọ náà súnmọ́ ojú rẹ̀ tó kù.

“Ganiyatou, eérú lo fi rẹ ẹ́.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ inú mọ́tò, tí mo fẹ́ ṣíná sí i, ó ní kí n dúró ná. Ó sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣúgà náà ń tú díẹ̀díẹ̀ jù. Kò tú tán kí aṣọ tó gbẹ. Báwo ni mo ṣe lè mú un yára?” Mo mọ̀ nígbà náà pé kò ní fi í sílẹ̀.

Wọ́n wá atúṣúgà mìíràn tó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun kejì tó ń dè wọ́n lọ́nà ni oúnjẹ àwọn kòkòrò inú ìgò. Ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, ṣúgà ọjà sì wọ́n fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní àkókò kajú, ó wá sí oko wa ní Manigri, ó rí i bí a ti ń já hóró kajú, tí èso pupa àti ìyeyè ń jẹrà káàkiri abẹ́ igi, tí eṣinṣin ń bò ó. Ó dúró láàárín rẹ̀, ó ní, “Ṣúgà nìyí. Ilẹ̀ ni a ń fún jẹ.” Ohun tó máa ń há èèyàn lọ́fun nínú oje kajú kò kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn kòkòrò náà gbádùn rẹ̀, àmọ́ wọ́n fi ìyẹ̀fun gbágùúdá yọ ọ́, bí àwọn tó ń ta oje kajú ṣe máa ń ṣe é, kòkòrò sì jẹ ẹ́.

Ọdún 2016 ni a padà sí àgbàlá Àǹtí Nimatou. Lọ́tẹ̀ yìí, Ganiyatou kò pe èrò. Àwa díẹ̀ la wà níbẹ̀. Ó rẹ aṣọ, ó tú ṣúgà, ó sá a. Aṣọ funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣú láti etí wá sí àárín, bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ òjò, ó sì di aró kíkún. Àǹtí Nimatou gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu ọṣẹ, ó fọ aṣọ náà, ó fi aṣọ funfun mìíràn nù ún, ó tún fọ̀ ọ́. Ó kó ọwọ́ lásán sínú omi tó kù nínú ọpọ́n, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì yọ ọ́ wò. Ọwọ́ rẹ̀ kò bó.

Ó ní, “Kò ṣí. Kò sì jó mi.” Ó wá ká aṣọ náà, ó fi í sí abẹ́ apá, kò dá a padà fún àwọn ará lábò mọ́.

Ẹbí kò fẹ́ purọ́ níbi àdúrà. Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ó ṣì wọ́n ju ìyẹ̀fun ọjà lọ, àwọn aláró díẹ̀ ní Bassila nìkan ló ń lò ó, ọ̀pọ̀ ṣì wà nídìí sóódà. Olóògbé mọ èyí, ó sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń yìn ín jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ṣèlérí fún wa pé àwọn kò ní fi í sílẹ̀.

Ní ti ìgbàgbọ́, mùsùlùmí òdodo ni. Ó lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2014. Ó ṣètò ẹ̀kọ́ kíkà fún àwọn ìyá ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí Ìdí-Igbá, ó sì ń wá kọ́ wọn fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wà nílé. Lèmọ́mù kan bi í rí bóyá ìmọ̀ rẹ̀ kò mú un jìnnà sí Ọlọ́run. Ó ní, “Àlùfáà, tí ẹ bá wọ ilé ẹnì kan, tí ẹ rí i bó ti to ilé rẹ̀ dáadáa, ṣé ẹ kò ní fẹ́ mọ onílé sí i?”

Àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lẹ́nu ní ọdún 2024. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kadidjatou, ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàkùn kan gun ògiri níta fèrèsé yàrá náà, ó ní òdòdó kékeré aláwọ̀ funfun. Olóògbé ti ń wò ó láti àárọ̀. Ó ní kí Kadidjatou lọ já ewé kan wá. Kadidjatou já a wá. Ó fi ìka rún un, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

Kadidjatou bi í pé, “Ìyá, kí ni ẹ gbọ́ níbẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “N kò tíì mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó sùn lọ, kò sì jí mọ́. A gbé e wá sí Manigri, a kírun sí i lára lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn ọmọ Oumarou ti Doguè wà lára àwọn tó gbé e lọ sí sàréè.

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Al-Amin, ló gbẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Habibullah, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Cotonou, Kadidjatou, tó ń ta oògùn ní Parakou, àti Aminatou, tó ṣì wà ní yunifásítì. Àwọn ọmọ-ọmọ wà, èyí tó kéré jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń béèrè “kí nìyí?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wassiou wà, àwọn àbúrò wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí iye wọn pọ̀ wà. Àǹtí Nimatou náà wà láàyè, wọ́n wà láàárín wa lónìí, ẹ bá wa kí wọn kú ara fẹ́rakù.

Ganiyatou, ọmọ Bàdírù, ọmọ Oumou, o ṣe é, àárẹ̀ sì mú ọ. Kí Ọlọ́run Ọba tó mọ ohun ìkọ̀kọ̀ àti ohun gbangba forí jì ọ́, kí Ó sọ sàréè rẹ di àyè fífẹ̀, kí Ó tẹ́ ọ sí Àlùjánnà. Kí Ó sì fi gbogbo ohun tí ìwọ kò tíì mọ̀ hàn ọ́. Sinmi ní àlàáfíà, àbúrò mi. Àmín.